Wọ́n ti lé e kúrò ní Amẹ́ríkà rí, ó tún fẹ́ padà wọlé

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Àbúrò ọkọ mi ṣẹ̀wọ̀n oṣù 18 níbí lórí jìbìtì, ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ni, wọ́n sì dá a padà sí Èkó. Ó ti gba pásípọ́ọ̀tù mìíràn, orúkọ bàbá ìyá rẹ̀ ló fi gbà á. Ó ní bí wọ́n bá mú òun, wọn ò ní ṣe ju pé kí wọ́n tún dá òun padà. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n Baltimore: Irọ́ ni o! Ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, orúkọ tuntun ò pa ìyẹn rẹ́. 8 U.S.C. 1326, òfin Amẹ́ríkà lórí ẹni tí wọ́n lé tó tún padà wọlé láìgbàṣẹ, ni wọ́n á fi gbé e lọ sí kóòtù. Ẹni tí kò lẹ́jọ́ kankan nílẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ò lè ju ọdún 2. Tó bá ti jẹ̀bi felony, ìyẹn ọ̀ràn ńlá tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè ju ọdún kan lọ, kí wọ́n tó lé e, ó lè tó 10. Tó bá jẹ́ aggravated felony, ìyẹn àwọn ọ̀ràn tí òfin àwọn àjèjì kà sí èyí tó wúwo jù, 20. Jìbìtì tí owó tó bá a lọ ju $10,000 wà nínú ìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹjọ́ tó ti ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Baltimore: Wọ́n á ka ìyẹn náà. Kóòtù tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní 1998, nínú ẹjọ́ Almendarez-Torres, adájọ́ 5 sí 4: adájọ́ lè fi ẹjọ́ àtijọ́ fa ẹ̀wọ̀n gùn láìjẹ́ pé jury, ìyẹn àwọn ará ìlú tó ń jókòó gbọ́ ẹjọ́, gbọ́ sí i.

Àdùkẹ́, Atlanta: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dẹ́rù bà wọ́n jù, ọdún 20 kọ́ ni wọ́n kàn máa ń fún èèyàn. Ìwé ìlànà ìdájọ́, §2L1.2, ladájọ́ ń wò. Ipele ni wọ́n fi ń ka ọ̀ràn níbẹ̀, bó bá ṣe ga sí ni ẹ̀wọ̀n ṣe ń gùn sí; ipele 8 ni ti ẹni tó padà wọlé ti bẹ̀rẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe ní November 2016, iye ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fúnni tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń wò: tó bá lé ní oṣù 13, wọ́n á fi 6 kún un, ọdún 2 sókè, 8, ọdún 5 sókè, 10. Tiẹ̀, tó jẹ́ oṣù 18, á di ipele 14. Èyí tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n tún lè ka ẹjọ́ kan náà mọ́ àkọsílẹ̀ ọ̀ràn rẹ̀, ìyẹn náà sì ń fi kún oṣù.

Àṣẹ ni kó kọ́kọ́ tọrọ, fọ́ọ̀mù I-212 tí ẹni tí wọ́n lé fi ń bẹ̀bẹ̀ láti padà wọlé, kó sì gba lọ́yà.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ ṣé gan-an. Níbo la ti máa rí ìwé ẹjọ́ rẹ̀?

Àdùkẹ́, Atlanta: Orí PACER ni, mà, ìkànnì ìwé ẹjọ́ àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀. Sẹ́ǹtì 10 ni ojú ewé kan. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ "Judgment in a Criminal Case" sí lórí, kí ẹ wo ibi tí restitution wà, ìyẹn owó tí kóòtù ní kó san padà fún àwọn tó lù ní jìbìtì. Wọ́n lè tibẹ̀ mọ̀ bóyá owó náà ju $10,000.