Ẹgbọrọ màlúù pupa yìí kò jẹ́ ká mú òun: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀nà Òṣú, lẹ́yìn Iléṣà, ni oko mi wà. Kòkó àti ẹ̀gẹ́ ni mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ kí n tó fi màlúù márùn-ún kún un. Mẹ́rin kò yọ mí lẹ́nu. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á fẹsẹ̀ ara wọn wọ ọgbà. Ìkarùn-ún ló ń pa mí lẹ́kún. Ẹgbọrọ abo ni, ó pupa bí obì, ìwo rẹ̀ sì ti gùn. Láti oṣù méjì tí mo ti rà á, n kò tíì fọwọ́ kàn án rí. Tó bá ti rí okùn lọ́wọ́ ènìyàn, ó ti wọgbó nìyẹn. Abẹ́ kòkó ló ń sùn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé eégbọn ti bo etí àti abẹ́ ìrù rẹ̀. Láti òkèèrè ni mo ti ń rí wọn, wọ́n wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Ó sì ti ń rù. Dókítà ẹran wá lẹ́ẹ̀mejì, ó padà lọ́wọ́ òfo. Ní Sátidé tó kọjá, ọkùnrin mẹ́fà pẹ̀lú ajá la fi lé e láti àárọ̀ títí oòrùn fi mú. A há a mọ́ igun ọgbà, ló bá yíjú padà, ó fò lu wáyà, ó gba àárín wa kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀. Wọ́n ní kí n ta ẹran náà fún alápatà. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, owó tí mo fi rà á náà kì í ṣe kékeré. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Mọ́dákẹ́kẹ́: Bọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e mọ́. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lé e tó sì bọ́, ẹ ń kọ́ ọ pé eré sísá ló ń gbà á là. Èmi náà ní irú rẹ̀ rí. Inú ọgbà ni mo gbé oúnjẹ sí, mo sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni, mo bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Èyí tẹ́ ẹ ti sá gbẹ ni kẹ́ ẹ lò o, tútù rẹ̀ lè pa ẹran. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi jókòó síbẹ̀ láìfọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kejìlá ni mo tó tì í.

Alápatà, Iléṣà: Ẹ dẹ ojóbó sí ojú ọ̀nà omi rẹ̀. Tó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó parí.

Dókítà ẹran, Ifẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ojóbó. Màlúù tí okùn fún lẹ́sẹ̀ yóò jà títí eegun yóò fi kán, tó bá jẹ́ ọrùn ló kó sí i, ó lè fún un pa.

Ẹni tó ni ẹran, ẹ gbọ́ èyí. Ojú màlúù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó ń rí iwájú, ó ń rí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀gangan ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ yọ sí i, yóò tapá tàbí kó sá. Ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ dúró sí, ní ọ̀kánkán èjìká. Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Níbi tó bá ti gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ààlà rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wọ ààlà náà ní ìṣísẹ̀ kan, yóò rìn. Ẹ fà sẹ́yìn, yóò dúró. Tẹ́ ẹ bá rìn kọjá èjìká lọ sí apá ìdí, iwájú ni yóò lọ. Tẹ́ ẹ bá bọ́ síwájú èjìká, yóò padà sẹ́yìn.

Màlúù tí jìnnìjìnnì bá mú, ó tó 20 sí 30 ìṣẹ́jú kí ọkàn rẹ̀ tó wálẹ̀, nítorí náà ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì yà á sọ́tọ̀. Ẹran tó bá ku òun nìkan nínú ọgbà ló máa ń fò lu igi.

Ọmọ Gáà: Pupa bí obì, ìwo gígùn? Ràhájì nìyẹn. Ẹran ilẹ̀ gbígbẹ òkè Ọya lọ́hùn-ún ni, ẹni tó ń dà á nìkan ló máa ń gbà fún. Àwọn funfun ní sùúrù jù ú lọ. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa bọ́ ọ, kí ó wọ aṣọ kan náà, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀. Tó bá wọ ọgbà, ẹ ní kí dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ràhájì kì í lè fara da àrùn ẹ̀jẹ̀ tí eṣinṣin inú igbó wa máa ń gbé kiri, rírù yẹn lè má jẹ́ ti eégbọn nìkan.

Káfíńtà ọgbà, Ifẹ̀: Wáyà kì í dá màlúù tó ń sá dúró, kò tilẹ̀ rí i. Ẹ ri òpó tíìkì, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 ó kéré tán, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má baà rí ìta. Ẹ jẹ́ kí igun rẹ̀ rí roboto. Ẹ fi àyè tóóró kan sílẹ̀ tí ènìyàn lè gbà yọ, tí màlúù kò lè gbà. Èyí ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má fò, nítorí ọmọ yẹn.

Ẹni tó béèrè: Ọjọ́ kẹrìndínlógún rèé. Ẹ ṣeun gan-an. Mo yọ àpò ṣìmẹ́ǹtì tó máa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́nu géètì, mo sì gbé ajá lọ sílé. Ọjọ́ kẹfà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ihò imú rẹ̀ ń ṣí ó ń pa dé, ó na ọrùn, ó já èèpo ẹ̀kún ẹnu kan, ó sá. Ọjọ́ kẹwàá, ó tẹ̀lé akọ wọlé. Lánàá ni mo ti ilẹ̀kùn nígbà tó ń jẹun lọ́wọ́. Ó gbé orí sókè, ó wò mí. N kò mira. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún tẹrí ba sínú oúnjẹ, àwọn yòókù ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọ náà ń san. Dókítà ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, aago mẹ́fà, kí oòrùn tó mú.