Ìbọ̀wọ́ rọ́bọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ iná, àbí géèmù: èwo ló lè bá bàbá mi jí ọwọ́ ọ̀tún wọn?

Àbíkẹ́yìnGbẹ́nàgbẹ́nà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà ní apá òsì ọpọlọ, nítorí náà apá ọ̀tún ara ló mú. Ẹ bá wa dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti ń já gaara, wọ́n sì ti ń rìn nínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì máa ń wọ́ nílẹ̀. Ọwọ́ ni ìṣòro wa. Wọ́n lè gbé èjìká, wọ́n lè ká apá kò, wọ́n sì lè di nǹkan mú díẹ̀. Kí wọ́n wá la ìka yẹn padà ni kò ṣeé ṣe. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi, ọwọ́ yẹn ni wọ́n fi ń fa ayùn.

Àwa ọmọ fẹ́ dáwó jọ ra ohun tó máa ṣe wọ́n láǹfààní. Bí mo bá ti ṣí fóònù, ìpolówó ni ṣáá: ìbọ̀wọ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ la ìka tó sì ń pa á dé, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, tó ń rán iná sínú iṣan, awò ńlá tí èèyàn ń gbé bo ojú láti fi ta géèmù. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ìbọ̀wọ́, torí bàbá á kàn jókòó, ẹ̀rọ á máa bá wọn ṣe é. Ọkàn tèmi ò tíì gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, tàbí tó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, kí ni ká rà? Àbí oṣù mẹ́fà ti pẹ́ jù?

Físíò_Ọlọ́wọ́pẹ̀lẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, Olódùmarè á fún wọn lókun. Oṣù mẹ́fà kò pẹ́ jù rárá. Lóòótọ́, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ara máa ń yára padà jù, ṣùgbọ́n mo ti rí ọwọ́ tó ń kọ́ nǹkan tuntun lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan.

Ọwọ́ kọ́ ni rọpárọsẹ̀ bà jẹ́. Iṣan tí bàbá fi ń fa ayùn ṣì wà níbẹ̀, ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà láti ọpọlọ dé ibẹ̀ ló já. Ibi tó ti kú nínú ọpọlọ kì í jí mọ́, àmọ́ àwọn ibi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè kọ́ iṣẹ́ náà. Wọn ò ní kọ́ ọ, àyàfi bí ẹni náà bá ń gbìyànjú fúnra rẹ̀, léraléra, lórí ohun tó ṣòro díẹ̀ fún un. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n fara mọ́ ti ẹ̀gbọ́n yín. Bí ìbọ̀wọ́ bá ń la ìka tí bàbá ń wo ibòmíràn, oríkèé ìka ò ní gan, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ò kọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí nínú iṣẹ́ wa. Ní 2009, Catherine Lang àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n jókòó ti ìtọ́jú 312 ní ibùdó méje ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n ń ka iye ìgbà tí ọwọ́ ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìtọ́jú bá tilẹ̀ kan fífi ọwọ́ ṣe nǹkan gidi, nǹkan bí ìgbà 32 péré ni! Àwọn ẹranko tí wọ́n fi ṣe ìdánwò, tí a rí i pé ọpọlọ wọn yí padà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lójúmọ́ ni wọ́n ń na ọwọ́ mú nǹkan. Ibi tí ẹ̀rọ ti wúlò nìyẹn: kó jẹ́ kí iye ìgbìyànjú pọ̀ ju èyí tí físíò kan ṣoṣo, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara bíi tèmi, lè bá aláìsàn ṣe lọ.

Rọ́bọ́ọ̀tì ọwọ́ tí a mọ̀ jù, MIT-Manus, tí Neville Hogan àti Hermano Igo Krebs ṣe ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ nìyẹn. Aláìsàn á máa darí ọwọ́ lọ síbi àmì kan lójú kọ̀ǹpútà, ìgbà tí kò bá lè débẹ̀ ni rọ́bọ́ọ̀tì á tó ràn án lọ́wọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dán an wò lára èèyàn 770 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, agbára apá sunwọ̀n sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n kò hàn nínú bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ tàbí mú ife. Ohun tí èmi rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni kí aláìsàn fi ọwọ́ kan náà ṣe nǹkan gidi tó ń lò nílé.

Ìbéèrè kan kí n tó sọ èyí tí mo máa yàn: bí bàbá bá gbé apá sórí tábìlì, tí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọlẹ̀, ṣé wọ́n lè gbé ọrùn ọwọ́ sókè, bó ti wù kó kéré mọ?

MoTúnRìn

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú. Èmi fúnra mi ni rọpárọsẹ̀ mú. Mi ò mọ ìwádìí, ara tèmi ni mo mọ̀.

O mẹ́nu kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ bàbá tó ń wọ́ nílẹ̀, o sì yára kọjá lórí rẹ̀. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń wọ́ yẹn ló máa ń gbé èèyàn ṣubú, bí ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ bá sì fọ́ egungun ìbàdí, ọ̀rọ̀ ti di méjì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fún mi jẹ́ bẹ́líìtì kékeré tí mò ń so sí abẹ́ orúnkún. Bí mo bá ti gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó máa ń rán iná díẹ̀, ẹsẹ̀ á sì ta sókè kó tó balẹ̀ padà. Físíò mi sọ fún mi pé 1961 ni Liberson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa irú rẹ̀, àfi bíi pé lánàá ni wọ́n ṣe é fún mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rìn láì máa wo ilẹ̀, mo sunkún.

Ní ti géèmù, ó wúlò fún mi torí pé òun ló ń bá mi ka iye, ọkàn mi sì ń fẹ́ kọjá ti àná. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan jókòó ti bàbá. Ara máa ń fi ọgbọ́n gbé e: èèyàn á kàn fi gbogbo àyà tẹ̀ síwájú, géèmù á ní ó ti gba àmì, apá gan-an ò sì tíì nà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga.

Ohun kan tí àwọn ará ilé kì í mọ̀ ni àárẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Àárẹ̀ yẹn máa ń dé lójijì bí ìgbà tí wọ́n pa iná, kò sì bìkítà pé èèyàn kò ṣe iṣẹ́ kankan. Òwúrọ̀ ni ara tèmi máa ń le, nítorí náà òwúrọ̀ ni mò ń ṣe tọwọ́. Ẹ wo ìgbà tí ara bàbá le, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí ọwọ́ yẹn ń wù wọ́n láti ṣe. Ẹ má ṣe yan án fún wọn.

AyéẸ̀rọ

Ẹ dákun, mo kà á pé wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ sínú ara fún àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ báyìí. Ṣé ìyẹn ò ní yá ju gbogbo èyí lọ?

Físíò_Ọlọ́wọ́pẹ̀lẹ́

Òótọ́ ni. Vivistim lorúkọ rẹ̀, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, FDA, fọwọ́ sí i ní 2021. Wọ́n máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ láti fi í sábẹ́ awọ àyà, wáyà rẹ̀ á sì kan fọ́nrán ìmọ̀lára kan tó gba ọrùn kọjá. Bí aláìsàn bá ti ń na ọwọ́, físíò á tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á ta fọ́nrán yẹn jí kí ọpọlọ lè di ohun tí ọwọ́ ń ṣe lọ́wọ́ mú dáadáa. Èèyàn 108 ni wọ́n fi dán an wò, gbogbo wọn ló sì ti lé ní oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìtọ́jú ibùdó, 47 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n tan ẹ̀rọ wọn ni ọwọ́ wọn sunwọ̀n débi tó ní láárí, 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni lọ́dọ̀ àwọn tí wọn ò tan tiwọn. Inú mi dùn sí èsì yẹn gan-an. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé gbogbo wọn ló fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe eré ìdárayá ọwọ́ tó le. Ẹ̀rọ ò ṣe é fún wọn. Ti bàbá kò tíì dé ibẹ̀ báyìí.

Màmá MoTúnRìn, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ti àyà tó ń tẹ̀ síwájú. Èmi náà máa ń bá a jà lójoojúmọ́. Ní ti géèmù, ìwádìí kan wà ní 2016 tó fi Wii, géèmù tí èèyàn ń fi ọwọ́ jù síhìn-ín sọ́hùn-ún ta, wé ìgbafẹ́ bíi káàdì títa lára èèyàn 141. Ọwọ́ àwọn méjèèjì sunwọ̀n bákan náà. Nítorí náà, bí bàbá bá fẹ́ràn géèmù, kí wọ́n ta á. Bí wọn ò bá fẹ́ràn rẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n pàdánù.

Àbíkẹ́yìnGbẹ́nàgbẹ́nà

Ọ̀gá físíò, mo ti wò ó. Ọrùn ọwọ́ ń gbéra, kò ju fífẹ̀ ìka kan lọ. Ìka ò là rárá. Màmá, ẹ ṣeun, a máa béèrè bẹ́líìtì ẹsẹ̀ yẹn. Mo bi bàbá ní ohun tí ọwọ́ ń wù wọ́n láti ṣe, mo rò pé wọ́n á sọ pé ayùn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa dé bọ́tìnnì ẹ̀wù àwọn fúnra àwọn.

Físíò_Ọlọ́wọ́pẹ̀lẹ́

Fífẹ̀ ìka kan yẹn, ohun ńlá ni! Ó túmọ̀ sí pé àṣẹ ṣì ń dé ibẹ̀.

Ẹ̀rọ iná ni màá yàn, kó jẹ́ irú èyí tó ń dúró de ìgbìyànjú aláìsàn. Ó máa ń gbọ́ àṣẹ kékeré tó dé inú iṣan, ìgbà yẹn ló máa ń rán iná láti parí rẹ̀. Ẹ̀yìn apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, níbi iṣan tó ń la ìka. Bí ẹ̀rọ yín kì í bá ṣe irú rẹ̀, kí bàbá kọ́kọ́ gbìyànjú kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Bí bàbá bá ní ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn, ẹ má tàn án rárá. Bí gìrì bá ti mú wọn rí, ó di ohun tí dókítà wọn gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn, tàbí ibi tí awọ ti bó, tàbí ibi tí wọn kì í mọ̀ ọ́n lára.

Bí ìka bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í là díẹ̀, ìgbà yẹn ni ìbọ̀wọ́ á wọlé, kì í ṣe ti ẹ̀rọ o, ìbọ̀wọ́ lásán tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ di nǹkan mú ni. Ọwọ́ òsì tó dá ṣáṣá ni a ó sì fi í wọ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún lè rí iṣẹ́ ṣe. Edward Taub ló dá ìlànà yìí sílẹ̀. Ní 2006, èsì rẹ̀ jáde lára èèyàn 222 tí wọ́n wà láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́sàn-án lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ṣe é, àǹfààní rẹ̀ sì ṣì wà lẹ́yìn ọdún kan. Kí wọ́n bọ́ ọ bí wọ́n bá fẹ́ rìn, kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tọ́jú wọn kó fi bírò ya ibi tí a ó lẹ̀ ẹ̀rọ mọ́ sára apá, ìyàtọ̀ fífẹ̀ ìka méjì lè mú kí ọrùn ọwọ́ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kí ìka là. Kó wo èjìká pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má sì fi apá yẹn fa bàbá dìde. Ẹ ra ẹ̀wù kan tó ní bọ́tìnnì ńláńlá. Ẹ kọ ohun tí físíò wọn bá sọ síbí kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ.