Kò gbá mi létí rí, àmọ́ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí

Ìbéèrè:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ọdún kẹfà rèé tí a ti fẹ́ra. Ọkọ mi kò gbá mi létí rí, ìyẹn ni mi ò ṣe mọ ohun tí mo lè pe èyí. Òun ló ń gba owó oṣù mi. Bí mo bá ra ọṣẹ lásán, mo gbọ́dọ̀ mú rìsíìtì wálé. Alaalẹ́ ló ń tú fóònù mi wò. Nítorí kí ilé lè tòrò, mi ò bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ mọ́. Tí mo bá ti gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àyà mi á já. Ní Sátidé tó kọjá, ó fún mi lọ́rùn mọ́ ara ògiri. Nígbà tó yá, ó sunkún, ó bẹ̀ mí. Kò sí àpá kankan. Àbí èmi ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ di ńlá?

Ìdáhùn:
Àbúrò mi, rárá o. Ìwọ kọ́ lo fà á. Kó tó fọwọ́ kàn ọ́ lọ́rùn ló ti ń fìyà jẹ ọ́, látìgbà tó ti gba owó rẹ tó sì yà ọ́ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ.

Ìdáhùn:
Ẹ ṣe sùúrù, ìyàwó wa. Ó kúkú ti bẹ̀ yín. Ta ni kì í bínú?

Ìdáhùn:
Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ yé wo ti àpá. Èèyàn lè má ní àpá lọ́rùn, kí ọ̀nà ọ̀fun sì máa wú nínú, tàbí kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ya, kó sì di àrùn rọpárọsẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ṣé ohùn yín há? Ṣé ó ń dùn yín láti gbé itọ́ mì? Ẹ lọ rí dókítà lónìí. Ẹ má sọ pé ẹ ṣubú o, ẹ sọ pé wọ́n fún yín lọ́rùn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2008 fi hàn pé obìnrin tí ọkọ ti fún lọ́rùn rí, ewu pé ọkọ náà lè pa á fi nǹkan bí ìlọ́po méje ju ti àwọn obìnrin mìíràn tó ń jìyà lọ́wọ́ ọkọ.

Ìdáhùn:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó ṣe sùúrù, ẹ má bínú, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe sùúrù yẹn.
Arábìnrin mi, ẹ má sọ fún un pé ẹ fẹ́ lọ. Ìgbà téèyàn bá ń lọ gan-an ni wọ́n máa ń le jù. Ìwé ẹ̀rí mi, káàdì ìdánimọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ni mo kó wọn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Èmi àti aládùúgbò mi ní àdéhùn: bí mo bá béèrè abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó pe ọlọ́pàá. Bí ìjà bá bẹ́, ẹ má sá sí ilé ìdáná, ọ̀bẹ wà níbẹ̀. Fóònù ẹlòmíì ni kí ẹ fi pe àwọn tó ń ran obìnrin lọ́wọ́ ládùúgbò yín. Wọ́n mọ ibi tí ilé ààbò wà.

Ẹni tó béèrè:
Fóònù ẹnì kan níbi iṣẹ́ ni mo fi ń kọ èyí. Ohùn mi ti há láti Sátidé, mo rò pé òtútù ni. Mo ti pe àbúrò mi. Kò tiẹ̀ bi mí ní nǹkan kan, ó ní kí n dúró síbi tí mo wà, òun ń bọ̀ wá mú mi lọ sí ilé ìwòsàn.