Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà Kétu: kí ló yẹ kó wà nínú ìwé?

ỌmọKétu: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníṣòwò kan fẹ́ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníyàrá mẹ́rin sí ọjà wa ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Ilé mẹ́rì (ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa) ní àwọn á fún wa nílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà á sì máa bójú tó o. Ẹnu lásán ni gbogbo ẹ̀ ṣì wà. Kí la gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ kòtò?

Àjàṣẹ́Ilé: Ilẹ̀ ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ẹnu olórí àdúgbò kò tó. Kí ìwé ilé mẹ́rì sọ ibi tí ilẹ̀ náà dé, kó sì sọ pé ti ìlú ni ilé tó bá dúró lórí ẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí oníṣòwò bá kú làwọn ọmọ ẹ̀ á wá gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ rántí pé látìgbà òfin 2021 lórí ìṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀, secrétaire exécutif, ìyẹn ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ilé mẹ́rì, ló ń pàṣẹ ìnáwó, kì í ṣe mẹ́rì. Ọ̀dọ̀ secrétaire yìí ni kí ẹ ti béèrè ohun tó bá kan owó. Ti àkọlé ara ògiri náà ńkọ́? Orúkọ oníṣòwò nìkan, kò sí àmì ẹgbẹ́ òṣèlú.

ÌyáOlówó: Kíkọ́ ò ṣòro, ọjọ́ tí kòtò bá kún ni wàhálà. Ká ní èèyàn 60 wọlé lóòjọ́ ní 50 CFA, 3.000 nìyẹn. 1.500 fún ẹni tó ń gbálẹ̀, 500 fún omi, ọṣẹ àti eérú. 1.000 tó kù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, owó ọkọ̀ tó máa fa ìgbẹ́ ni. Kí àpótí owó ní àgádágodo méjì: kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ akápò ẹgbẹ́, ìkejì lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ilé mẹ́rì. Àwọn tó ń tajà lójoojúmọ́ ò ní san 50 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ o. Ẹ gba 200 lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ọjà ni wọ́n á máa lọ.

Bíríkìlà_Sábẹ̀ẹ́: Ẹ gbẹ́ kòtò méjì, owó ọkọ̀ yẹn á dín kù. Bí ìkíní bá ku ààbọ̀ mítà kó kún, ẹ dé e pa, kí ẹ yí páìpù sí ìkejì. Ọdún méjì ni kó fi wà ní dídé kí wọ́n tó kó ohun tó wà nínú ẹ̀. Kí ìsàlẹ̀ kòtò fi mítà méjì ga ju omi ilẹ̀ lọ. Ìgbà òjò ni kí ẹ wọn ìyẹn, torí omi ẹ̀ẹ̀rùn máa ń tan èèyàn jẹ. Kó jìnnà sí kànga tó mítà 30.

ỌmọKétu: Kànga kan wà níbẹ̀, mítà 20 péré ni. A á sún kòtò náà.

Bíríkìlà_Sábẹ̀ẹ́: Ẹ sún un sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ o, kì í ṣe òkè kànga.