Ìrírí wa lórí síso preamplifier stereo pọ̀ mọ́ sínimá inú ilé

Ẹ̀yin ará, ìrírí tèmi nìyí. Rìsífà, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sínimá tó sì ń pín in fún àwọn sípíkà, ni mo fi ń wo sínimá, pẹ̀lú sípíkà márùn-ún àti subwoofer (sípíkà ohùn ìsàlẹ̀) kan, ṣùgbọ́n orin tí mo ń gbọ́ láti inú rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo wá ra preamplifier stereo (ẹ̀rọ tí a fi ń yan orin tí a sì fi ń yí ohùn sókè sódò) àti amplifier kan (ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára láti wa sípíkà) fún sípíkà iwájú méjèèjì, torí pé sípíkà kan náà ni mo fẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ orin àti ti sínimá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni bọ́tìnnì ohùn. Rìsífà ní tirẹ̀, preamplifier ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni ojú ìwọlé tí wọ́n kọ “HT Bypass” sí (HT ni home theater, ìyẹn sínimá inú ilé) lẹ́yìn preamplifier náà: ohun tó bá gba ibẹ̀ wọlé kì í kan bọ́tìnnì ohùn rárá, bó ṣe wọlé ni yóò ṣe jáde lọ bá amplifier. Mo fa wáyà RCA (wáyà ohùn lásán) láti ojú “Pre Out” iwájú lára rìsífà, níbi tí ohùn ti ń jáde kí amplifier tó gbé e ga, wá síbẹ̀, mo sì so ẹ̀rọ CD mọ́ ojú ìwọlé mìíràn. Bí mo bá fẹ́ wo sínimá, màá yí i sí Bypass, yóò dún “kẹ́”, nọ́ńbà ohùn tó wà lójú rẹ̀ yóò sì kú. Láti ìgbà náà, rìsífà ló ń pàṣẹ. Bó bá jẹ́ orin ni, n kì í tan rìsífà rárá. Àmọ́ ẹ má ṣe so ẹ̀rọ CD tàbí fóònù mọ́ ojú Bypass yẹn o, nítorí kò sí ohun tí yóò dín ohùn kù níbẹ̀. Ó lè ba sípíkà jẹ́ lójijì.

Lẹ́yìn náà, ó di dandan kí rìsífà tún gbogbo sípíkà wọ̀n, torí amplifier tuntun lè gbé ohùn ga ju èyí tó wà nínú rìsífà lọ. Mo gbé gbohùngbohùn rẹ̀ sí ibi tí etí mi máa ń wà lórí àga. Nígbà tó wọ̀n ọ́n tán, ó ti fa sípíkà iwájú wálẹ̀ ní 6 dB (dB ni ìwọ̀n ohùn) kí wọ́n lè bá sípíkà àárín dọ́gba. Ní ti subwoofer, wáyà rìsífà nìkan kò lè mú un dún nígbà tí rìsífà bá wà ní pípa. Tèmi ní ojú ìwọlé tó ń gba ohùn láti ẹnu wáyà sípíkà pẹ̀lú, nítorí náà mo so méjèèjì. Lójú tèmi, ẹni tí kì í gbọ́ orin púpọ̀ kò nílò wàhálà yìí.

Èsì

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Preamplifier tèmi kò ní Bypass. Ojú AUX, ojú ìwọlé lásán tí bọ́tìnnì ohùn ń darí, ni mo so rìsífà mọ́, mo yan ipò kan fún bọ́tìnnì ohùn, mo lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀, mo sì jẹ́ kí rìsífà wọn sípíkà ní ipò yẹn gan-an. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi bí ará ilé bá fọwọ́ kan bọ́tìnnì náà: orin inú sínimá á bo ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré mọ́lẹ̀.

Èsì

Kíkùn ni ó yọ mí lẹ́nu ní tèmi. Gbàrà tí mo so rìsífà mọ́ preamplifier ni sípíkà ń kùn húùn, kódà nígbà tí kò sí ohun tó ń dún. Mo yọ àwọn wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo yọ wáyà eriali kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ó dákẹ́ wẹ́lo. Iná wáyà ilẹ̀ (earth) ti rí ọ̀nà méjì gbà ni. Ohun èlò kékeré kan tó ń ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lórí wáyà eriali náà ló parí rẹ̀. Ẹnì kan ti ní kí n gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ ara plọ́ọ̀gì amplifier. Mo kọ̀ jálẹ̀, torí ẹsẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí iná gbé ènìyàn bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ.