Ìparí ọ̀rọ̀: iyọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru àbúrò mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo béèrè níjelòó ohun tó fà á tí ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Òde fi ń ru, nígbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un láti kékeré. Dókítà ọkàn ti là á yé wa. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde ló fún níbì kan tí wọ́n fi tún un ṣe. Wọ́n ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n òpó náà lè le síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wọ́pọ̀ lára àwọn tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún bí wọ́n bá dàgbà. Apá ọ̀tún ni kí wọ́n máa fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru náà. Ti òsì lè tan èèyàn.

Iyọ̀ wá ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ò kún ṣíbí tíì kan. Ẹ wo ìkọ́kọrẹ́ wa: edé gbígbẹ àti májì ti gbé iyọ̀ wọ ìkòkò kí ọwọ́ tó kan ike iyọ̀. Májì ni àbúrò mi kọ́kọ́ pa tì (inú ìyá wa ò tíì yọ́ sí i). Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dárúkọ iyọ̀ olópotásíọ̀mù (èyí tí wọ́n fi potásíọ̀mù rọ́pò apá kan sódíọ̀mù inú rẹ̀), ẹ ṣeun, àmọ́ dókítà ní rárá, nítorí oògùn tí àbúrò mi ń lò: òun àti iyọ̀ yìí lè jẹ́ kí potásíọ̀mù pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn ọ̀hún ṣì ń lọ o. Ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wálẹ̀. Mo ti ọ̀rọ̀ yìí pa.