PDC tó gbàgbé ààlà

Ẹ̀yin tó ń bèèrè bí wọ́n ṣe ń ro ọjọ́ iwájú mọ́ PDC (ètò ìdàgbàsókè ìjọba ìbílẹ̀) ní Kétu, ìlú wa létí ààlà Nàìjíríà ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mú iye ènìyàn. Ìkànìyàn 2002 rí 6,769,914 ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀, ti 2013 rí 10,008,749. Ìyẹn ni pé iye náà ń pọ̀ sí i ní nǹkan bí 3.5% lọ́dún. Ọ̀nà kúkúrú láti mọ ìgbà tí yóò di ìlọ́po méjì ni kí ẹ fi 3.5 pín 70, ó jẹ́ 20: tí kò bá yí padà, nínú ogún ọdún a ó di ìlọ́po méjì. Èyí kò nira. Àwọn ọmọ tí yóò wọ CI (kíláàsì àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) ní 2030 ti wà lẹ́yìn ìyá wọn báyìí.

Ààlà ló ń da ètò rú. Nàìjíríà tì í ní oṣù kẹjọ 2019, ó di oṣù kejìlá 2020 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ní oṣù karùn-ún 2023 ó yọ owó ìrànwọ́ epo, kpayò, epo fàyàwọ́ tó ń ti Nàìjíríà wá, sì gbówó lórí. Ètò tó sọ pé owó ọjà yóò máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún kò rí ìkankan nínú ìwọ̀nyí.

Ẹ pe ènìyàn méjìlá: ìyálọ́jà, àgbẹ̀, onízémìjàn (ọlọ́kadà), tísà, òṣìṣẹ́ mérì (ilé ìjọba ìbílẹ̀). Kí kálukú kọ ohun márùn-ún tó lè yí Kétu padà títí di 2040. Ẹ yan méjì tó wúwo jù, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò yí sí. Ká ní ààlà àti òjò ni. Ààlà ṣí tàbí ó tì, òjò rọ̀ lásìkò tàbí ó dá: ipò mẹ́rin nìyẹn. Kànga ẹ̀rọ wúlò nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibùdókọ̀ ọ̀nà Ìlárá wúlò nínú méjì péré, nítorí náà ẹ gba ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má tíì da sìmẹ́ńtì.

*Èsì:* Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi èyí kún un: kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé láìsí orúkọ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Bí ọ̀gá bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, “bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá” ni ìwé méjìlá yóò wí. Ìdí tí àwọn ará RAND, ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, fi ń fi orúkọ pamọ́ nínú Delphi, ọ̀nà wọn láti gba èrò àwọn onímọ̀ jọ, nìyẹn. Ẹ má sì fi ìran, ìyẹn ohun tí a ń lá lálàá, pe ìwádìí ọjọ́ iwájú o. Bénin 2025 Alafia, ìwé ìran orílẹ̀-èdè wa títí di 2025, sọ ohun tí a fẹ́; ipò mẹ́rin yín ń sọ ohun tó lè dé bá a. Ní ti ibùdókọ̀ yẹn, ẹ yan ẹni tí yóò máa ka ọkọ̀ tó ń sọdá lóṣooṣù, tí yóò máa kọ iye náírà sí sẹ́fà (owó Bẹ̀nẹ̀) sílẹ̀. Láìsí ìyẹn, kò sẹ́ni tí yóò mọ ìgbà tó yẹ kí sìmẹ́ńtì dé.